Ta Ló Ń Gba Owó Iṣẹ́ Wọn?

Lóṣù yìí, lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ alágbàṣe pọ̀ ju ti kòkòrò àti ajílẹ̀ lọ. Ó dùn mọ́ mi. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà onígíláàsì lápá Chichester, mo ti ní ilé-iṣẹ́ ọgbà tèmi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo sì ti padà sílé báyìí, mò ń ta òdòdó n'Íbàdàn. Mo ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀gá rí, mo sì ti san án fún ọmọ iṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú. Ẹni tó béèrè nípa ewé ixora tó ń pọ́n, kó fara balẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Olódòdó. Ilé-iṣẹ́ ọgbà ni mo ní ní Dartford. Àwa márùn-ún là ń ṣe é, bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ nígbà ooru, a máa ń gba èèyàn kún un. Ilé-iṣẹ́ kan tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tó fi ń háyà fẹ́ gbé gígé koríko àti títẹ́ òkúta sẹ́yìnkùlé fún wa. Wọ́n wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé kí n kọ ohun tí à ń ṣe kí oko ẹrú òde òní má bàa wọ iṣẹ́ wa, kí n sì kọ ibi tí ọjà wa ti ń wá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, kí n kàn pààrọ̀ orúkọ. Mo fi í mọ́ lẹ́tà yìí, ẹ bá mi wò ó. Àbí ta ni ẹrú nínú iṣẹ́ tiwa? Ilé kálukú ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń wá. Àwọn tí n ò mọ̀ dáadáa ò ju àwọn mẹ́ta tí ọkùnrin kan ń fi ọkọ̀ fáànù kó wá láago méje òwúrọ̀, tó sì ń wá kó láago márùn-ún. £70 ni mo ń san fún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í ráhùn, iṣẹ́ wọn sì mọ́.
Bàbá Dáre, Dartford

Bàbá Dáre, mo ka ìwé tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ìpínrọ̀ kẹta rẹ̀ ń ṣèlérí pé ẹ ó máa yẹ inú ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja wò. Ní Dartford! Ẹ dá a padà fún ọ̀rẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ti òfin, kò gùn. Modern Slavery Act ti ọdún 2015, òfin Bìrìtìkó lórí oko ẹrú òde òní, ló ní kí ilé-iṣẹ́ máa gbé irú ìwé yẹn jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó £36 mílíọ̀nù nìkan ló jẹ́ dandan fún. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ní láti lè sọ nǹkan nípa àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Bí fọ́ọ̀mù ṣe dé ọwọ́ yín nìyẹn. Òfin ọ̀hún tiẹ̀ gbà kí ilé-iṣẹ́ ńlá kọ ọ́ síwèé pé àwọn ò gbé ìgbésẹ̀ kankan rárá, kó sì ti tẹ́ òfin lọ́rùn! Ibòmíràn wà nínú rẹ̀ tí kò pani lẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá fi èèyàn ṣẹrú, tàbí tó fipá mú un ṣiṣẹ́, lè gba ẹ̀wọ̀n gbére, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́. Òfin náà ò sì dúró lórí ẹni tó mọ̀ nìkan, ó kan ẹni tó yẹ kó mọ̀.

Fọ́ọ̀mù ló ń dẹ́rù bà yín, ọkùnrin onífáànù ni ò dẹ́rù bà yín. Ẹ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Aago méje sí márùn-ún, ká yọ wákàtí kan fún oúnjẹ, ó ku wákàtí mẹ́sàn-án. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025 sí oṣù kẹta ọdún 2026, owó tó kéré jù tí òfin ní kí ẹ san fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni £12.21 fún wákàtí kan. Wákàtí mẹ́sàn-án jẹ́ £109.89. £70 ni ẹ ń san. Onífáànù á yọ tirẹ̀ níbẹ̀, á yọ owó epo, bóyá á tún yọ owó ilé. Kí ló wá kù fún ẹni tó gbé òkúta? Ẹ ò tíì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, iye tí ẹ ń san ti dáhùn.

Ẹ fi "wọn kì í sọ̀rọ̀" yìn wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni àyà mi ti já. Àwa tí a ti ṣe lébìrà rí mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa gbẹ́lẹ̀ láti àárọ̀ tí kò ní bú ọ̀gá lábẹ́lẹ̀, tí kò ní béèrè ìgbà tí owó máa jáde. Alágbàṣe tí kò béèrè owó rí, ó lè jẹ́ pé òun kọ́ ni wọ́n ń san án fún.

Nígbà tí mo ń gba èèyàn síṣẹ́, ìbéèrè tí mo fi ń ṣáájú nìyí: owó iṣẹ́ ẹni yìí, àkáǹtì ta ló ń wọ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ló ń fi ẹrú hàn. Gbèsè ni mo máa ń wò ní tèmi. Ẹ rántí ìwọ̀fà ayé àtijọ́: bàbá lọ yáwó, ọmọ lọ ń sìn ín lóko olówó, èlé lásán sì ni gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe, orí owó wà níbẹ̀ digbí. Bí ọ̀pọ̀ lára wọn ṣe bọ́ sí i lónìí náà nìyẹn. Wọ́n sọ fún un nílé pé ó jẹ owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó ìwé, owó ẹni tó bá a wá iṣẹ́. Ó dé ìlú òyìnbó, wọ́n kó o síyàrá kan pẹ̀lú àwọn mẹ́fà mìíràn, owó ilé di gbèsè tuntun. Wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pé àwọn ń bá a tọ́jú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, síbẹ̀ kò rí ibi lọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ má kọjú ìjà sí onífáànù. Bí ẹ bá pariwo mọ́ ọn, àwọn ọkùnrin yẹn lè ti kúrò ládúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́, orí wọn ni ìyà náà á sì bọ́ sí. Ẹ wá àyè bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí kò sí. Ẹ má béèrè bóyá ẹrú ni wọ́n. Ta ló máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ń sùn, àti ẹni tí páásípọ́ọ̀tù wọn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ní kí kálukú fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ kí ẹ máa sanwó síbẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mú nọ́ńbà kan náà wá, tàbí tí ọ̀kan bá ní kí òun kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn yín. Ẹ pe Modern Slavery Helpline, nọ́ńbà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ oko ẹrú ní Bìrìtìkó, 08000 121 700, kò ná yín ní kọ́bọ̀, wọn ò sì ní fi dandan lé e pé kí ẹ dárúkọ ara yín. Bí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n lù, tàbí tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, 999, nọ́ńbà ọlọ́pàá níbẹ̀, ni kí ẹ pè.

Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́ yín gan-an, òfin ní kí ẹ wo ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, ẹ yà á, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Páásípọ́ọ̀tù ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sun inú dúrọ́ọ̀ yín. Bí ẹ bá sì fún ẹnì kan nílé gbé, iye tí ẹ lè kà mọ́ owó tó kéré jù yẹn ní ààlà: £10.66 lójúmọ́ ni láti oṣù kẹrin 2025 sí oṣù kẹta 2026.

Ó wá ku ọjà. Ẹ ní pètíò ni ẹ máa tẹ́ fún wọn. Mo mọ òkúta tí ẹ máa rà, nítorí òun ni gbogbo wa ń rà: òkúta iyanrìn láti Íńdíà, tó ń pọ́n tó sì tún ń ṣe bí eérú, tó rẹwà, tó sì dínwó. Rajasthan ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, láti apá Kota àti Bundi. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ máa ń béèrè bóyá yìnyín á fọ́ ọ. Ẹ béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Òkúta pẹlẹbẹ ńlá, ẹ̀rọ ló sábà máa ń gé e nílé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ sì ní ilẹ̀kùn téèyàn lè kàn. Àwọn kéékèèké onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ṣe etí ọ̀nà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ní àwọn abúlé bíi Budhpura, èyí tó ṣẹ́ kù síbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ni wọ́n ń kó jọ, tọkọtaya àti àwọn ọmọ á jókòó tì í níwájú ilé, wọ́n á máa fi òòlù gé e, iye tí wọ́n bá gé ni wọ́n ń gbowó lé lórí. Olówó á ti fún wọn ní owó àsansílẹ̀ tí wọn ò ní san tán. Eruku òkúta wọ ẹ̀dọ̀fóró ọkọ, ọkọ kú, gbèsè wá di ti ìyàwó àti ọmọkùnrin. Íńdíà ti fi òfin ka irú ìsìn gbèsè bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 1976. Òfin wà lórí ìwé, òòlù wà lọ́wọ́ ọmọdé.

N ò ní kí ẹ má ra òkúta Íńdíà mọ́. Bí gbogbo wa bá sá, ebi ló máa pa àwọn tó ń gé e. Ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín pé ibi ìwakùsà wo ló ti wá, ta ló lọ wò ó, ìgbà wo ló lọ. Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ á dáhùn kó tó mu omi. Ẹni tó bá ní "Íńdíà ṣáà ni," ẹ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Fún etí ọ̀nà, ẹ lè lo èyí tí wọ́n fi kọnkéré ṣe ní Bìrìtìkó níbẹ̀, tàbí òkúta àlòkù láti ilé tí wọ́n wó. Ti àlòkù wọ́n díẹ̀, ẹ fi kún owó tí ẹ máa gbà, àwọn onílé náà ló ní kí wọ́n má fẹrú ṣe é.

Ìbọ̀wọ́ náà ńkọ́? Málẹ́ṣíà ni púpọ̀ èyí tó jẹ́ rọ́bà ti ń wá, àwọn ọmọ Bangladesh àti Nepal ló sì kún ilé iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló yáwó san fún ejẹ́ǹtì kí wọ́n tó débẹ̀. Lóṣù keje ọdún 2020, aṣọ́bodè Amẹ́ríkà dá ìbọ̀wọ́ ẹ̀ka méjì lára Top Glove, ilé-iṣẹ́ Málẹ́ṣíà kan tó ń ṣe ìbọ̀wọ́, dúró lẹ́nu ibodè nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ náà dá owó ejẹ́ǹtì padà fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ọjà rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Mo mú un wá kí ẹ lè mọ̀ pé bí ẹni tó ń rà bá kọ̀ ọ́, ẹni tó ń tà á gbọ́. Ẹ tún bi nọ́sìrì tí ẹ ti ń ra igi ọgbà pé ta ló ń kó òṣìṣẹ́ wá fún wọn. Láti òfin ọdún 2004, ẹni tó ń kó òṣìṣẹ́ fún oko àti nọ́sìrì ní Bìrìtìkó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Kí òfin yẹn tó jáde ni omi òkun ti gbé àwọn ará Ṣáínà lọ ní Morecambe Bay lóṣù kejì ọdún náà, níbi tí ọ̀gá kan kó wọn lọ ṣa ìkarahun lóru. Ó kéré tán, mọ́kànlélógún ló kú.

Ó wá kan fọ́ọ̀mù yín. Ojú ewé kan tó. Ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ ń rà àti ẹni tí ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ bi wọ́n àti èsì wọn. Ẹni tí kò fèsì, ẹ kọ pé kò fèsì, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò gba alágbàṣe lọ́wọ́ onífáànù mọ́. Èmi tí mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé mélòó kan nínú wọn ló ń sọ òótọ́, ó sì máa ń hàn.

Màmá, ẹ kú àtìlẹ́yìn wa. Mo ń ta òdòdó àti igi ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì n'Íbàdàn, mo sì ń bá èèyàn gbin koríko, mò ń da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ilé fún wọn. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ibodè Bẹ̀nẹ̀ mú ọmọkùnrin mẹ́ta wá fún mi lọ́dún tó kọjá. Ọ̀kan ní òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn méjì yòókù kéré sí i. Àdéhùn wa ni pé lópin ọdún, màá fún un lówó tirẹ̀, màá sì ra ọ̀kadà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gùn ún lọ sílé. Mò ń bọ́ wọn, mò ń ra aṣọ fún wọn, bí ọmọ mi ni mo ṣe ń ṣe wọ́n. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ló ní ohun tí mò ń ṣe ò dára. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Kẹ́hìndé, Ìbàdàn

Òótọ́ ni, Ìyá Kẹ́hìndé. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yín.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọkùnrin tó kó wọn wá náà mọ̀ ọ́n, ìdí tó fi wá sọ́dọ̀ yín nìyẹn. Ilé tí wọ́n ti ń jẹun yó, ọmọ kì í tètè sá níbẹ̀.

Ẹ wo àdéhùn yín dáadáa. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní owó ni kí a fi san iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀kadà, ìsanwó sì gbọ́dọ̀ máa wáyé, ó pẹ́ tán, lóṣooṣù. Lópin ọdún, ọ̀kadà kan ṣoṣo ló máa dúró fún gbogbo igi tí ọmọ yẹn bomi rin. Bí ó bá ṣàìsàn lóṣù kẹwàá ńkọ́? Bí ìjà bá dé láàárín ẹ̀yin àti ọkùnrin náà, tó kó wọn lọ sí oko ẹlòmíràn, ta ló máa ra ọ̀kadà? Ọ̀pọ̀ ọmọ láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà tàn wọ oko nílẹ̀ wa níbí, láyé ìgbà tí n ò tíì kúrò nílé pàápàá.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 tiẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ wa yìí gan-an. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́, àyàfi kí ọmọ náà máa bá ẹbí ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó fúyẹ́ lóko, nínú ọgbà tàbí nínú ilé. Ẹ ní bí ọmọ yín ni. Ẹbí wọn kọ́ ni yín, ẹ ò sì fi Kẹ́hìndé gba ọ̀kadà. Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ tiẹ̀ mọ orúkọ ìyá ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìgbà wo ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn?

Ẹ má dá wọn padà fún ọkùnrin yẹn. Ẹ má sì fún wọn lówó ọkọ̀ pé kí wọ́n máa lọ, ẹlòmíràn á kó wọn ní gáréèjì. Ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fi ń ṣòwò. 627 ni nọ́ńbà wọn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ lè máa bẹ̀rù pé wọ́n á mú yín. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí wọ́n wá ká mọ́lé, wọn ò lè wò wọ́n bákan náà. Kó tó di pé wọ́n dé, ẹ ṣírò owó oṣù àwọn ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, kí ó jẹ́ iye tí ẹ máa san fún àgbàlagbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ kálukú. Owó wọn ni. Oúnjẹ tí wọ́n jẹ kò sí lára rẹ̀.

Ẹ tún mẹ́nu ba òkúta wẹ́wẹ́. Lọ́dún 2003, àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀, púpọ̀ wọn láti Zakpota, ni wọ́n bá níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n ń fi òòlù lu ú nínú oòrùn. Àwọn tí wọ́n dá padà sílé lé ní ọgọ́rùn-ún. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ yẹn, ojú ilé àwọn èèyàn ló ń lọ. Nítorí náà, nígbà tí típà bá tún já òkúta fún yín, ẹ bi dírẹ́bà pé ẹ̀rọ ló fọ́ ọ ni tàbí òòlù. Èmi máa ń gun ọkọ̀ lọ wò ó fúnra mi. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ wá gba àgbàlagbà méjì síṣẹ́. Ó máa wọ́n ju ọ̀kadà lọ. Kí ẹ fi kún iye tí ẹ ń ta koríko.

Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Manchester ni mò ń gbé. Àwọn ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn mi pé àwọn á bá mi tẹ́ òkúta síwájú ilé ní ìdajì iye tí àwọn ẹlòmíràn bù fún mi. Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú wọn, àwọn tó kù wọ bàtà tó ti ya, wọ́n rù, wọn ò wojú mi. Mo fún wọn lómi, ọ̀kan fẹ́ gbà á, ẹni yẹn wò ó, ó jáwọ́. Mo lé wọn. Ṣé ó parí síbẹ̀?
Adébọ́lá

Kò parí síbẹ̀, Adébọ́lá, ṣùgbọ́n o káre tí o rí ohun tó o rí. Lọ́dún 2017, ilé ẹjọ́ Nottingham Crown Court fi àwọn ará ìdílé kan láti Lincolnshire sẹ́wọ̀n lórí irú iṣẹ́ yìí gan-an, títẹ́ òkúta àti ọ̀dà síwájú ilé onílé. Àwọn tí kò nílé, àwọn ọ̀mùtí, àwọn tí ọpọlọ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jí pépé ni wọ́n ń ṣà lójú pópó. Wọ́n kó wọn sínú kàráfáànù tí kò lómi tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ń lò wọ́n bí ẹrú. Ọ̀kan nínú wọn lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dọ̀ wọn. Ní gbogbo ọdún yẹn, iwájú ilé àwọn èèyàn bíi tìrẹ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan, onílé ń wò wọ́n lójú fèrèsé, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun rí iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú.

Pe 08000 121 700 tí mo kọ lókè. Sọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n wá, àwọ̀ ọkọ̀ wọn, nọ́ńbà rẹ̀ bí o bá rí i, àti ọ̀rọ̀ omi yẹn. Má fojú kéré ọ̀rọ̀ omi yẹn.

Ẹ káàsán Mà. Mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn l'Óṣogbo, mi ò tíì ríṣẹ́. Ejẹ́ǹtì kan ní òun á mú mi lọ sí oko òdòdó kan ní Ìlú Ọba, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Mo lè san ìdajì, kí wọ́n máa yọ ìdajì tó kù lára owó iṣẹ́ mi níbẹ̀. Ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo lè mú ìyàwó mi wá. Bàbá mi fẹ́ ta ilẹ̀ kan. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ yín, Akínwándé

Akínwándé ọmọ mi, ní kí bàbá rẹ dúró ná, kó má ta ilẹ̀.

Irú fisà bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ti òṣìṣẹ́ ìgbà ìkórè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2019 pẹ̀lú ààyè 2,500, ó sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Mo ti bá àwọn tó gbà á ṣiṣẹ́, àwọn kan sì rówó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì rẹ ò bá a mu. Fisà náà kì í ju oṣù mẹ́fà lọ, lẹ́yìn rẹ̀ wàá padà sílé. Kò sí àyè ìyàwó tàbí ọmọ nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ díẹ̀ tí ìjọba Bìrìtìkó fọwọ́ sí nìkan ló lè fi èèyàn ránṣẹ́, orúkọ wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Òfin Bìrìtìkó kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó bá a wá iṣẹ́. Owó fisà àti tíkẹ́ẹ̀tì lè wà lọ́rùn rẹ, àmọ́ ìyẹn ò jọ mílíọ̀nù mẹ́rin.

Ìdajì tí wọ́n máa yọ lára owó iṣẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju èyí tí o máa san nílé lọ. Ta ló máa yọ ọ́? Ta ló máa sọ fún ẹ ọjọ́ tó parí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí o bá dé oko tí ọ̀gá ń bú ẹ, tí yàrá ń jò, tí wákàtí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹ kò tó èyí tí o ṣe, wàá fẹ́ kúrò, gbèsè ò ní jẹ́ kó o kúrò. Mo ti bá ọmọbìnrin kan gbé nílé àwọn òṣìṣẹ́ lápá Chichester, tí bàbá rẹ̀ dá màlúù ilé dúró fún olówó kó tó wá. Ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ibà lára, torí ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́, owó ò dín.

Bi ejẹ́ǹtì náà ní ohun mẹ́ta: orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí tó ń bá ṣiṣẹ́, orúkọ oko tí o ń lọ, àti ìwé tí yóò fi hàn pé ó gba mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ, kó fọwọ́ sí i. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa lé e lọ. Bí ó bá sá, fi orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí NAPTIP, 627. Mo mọ àwọn onínọ́sìrì díẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Ìlọrin tí wọ́n ń wá ẹni tó kàwé nípa ọ̀gbìn. Owó wọn ò pọ̀, wọ́n sì ń san án fún ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Kọ̀wé sí mi padà, sọ irúgbìn tí o mọ̀ ọ́n tọ́jú jù.